Àwọn Tó Ń Wá Bi Wá Léèrè Ní Pápá Àjàó

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àwọn oníwèé ìbéèrè ti ń kan ìlẹ̀kùn ní Pápá Àjàó, ní Múṣín. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà, nígbà mìíràn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ìtọ̀, nígbà mìíràn wọ́n á kàn jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀: èèyàn mélòó ló ń sùn nínú yàrá kan, omi wo là ń mu, ta ló ń wúkọ́, ọmọ mélòó la bí, mélòó ló kù láyé. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn máa ń mú kí ìyá àgbà ilé wa dákẹ́ pẹ́ kó tó dáhùn. "Ará LUTH" ni gbogbo àdúgbò ń pe gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ilé ìwádìí Yábàá ni wọ́n ti wá tàbí iléeṣẹ́ ìjọba, nítorí pé LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà, ló sún mọ́ wa jù lọ. Ọjọ́ ti ń lọ lórí mi báyìí. Mo fẹ́ sọ èyí tí wọ́n bá wa ṣe tó yọrí sí rere, kí n sì sọ èyí tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa tí a kò gbọ́ àbọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ká tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìwádìí, wolé-wolé la kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Múṣín wà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso wa, Yábàá sì wà lábẹ́ Èkó tó jẹ́ olú ìlú Nàìjíríà nígbà náà. Ọ̀tọ̀ ni wolé-wolé tiwọn, ọ̀tọ̀ ni tiwa, títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ tí wọ́n sì kó wa pọ̀. Wolé-wolé á wọ ṣòkòtò kákí péńpé, á gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá tààrà sí ẹ̀yìnkùlé. Ìdí àmù ló ń lọ. Á ṣí ọmọrí rẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wò bóyá tanwíji ń jó nínú rẹ̀. Bó bá rí ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Màmá mi kì í dúró dè é. Bí ọmọdé kan bá ti sáré dé láti orí títì pé wolé-wolé ń bọ̀, á ti da odidi àmù omi nù sínú gọ́tà, omi tí èmi àti àwọn àbúrò mi fi orí pọn láàárọ̀. A kò mọ ohun tí tanwíji fi ṣe ìjọba. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìṣègùn ní Yábàá, ló là mí lóye lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní lọ́dún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán àwọn oníṣègùn wá sí Yábàá láti wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Wọ́n ṣe é títí, wọn kò rí i. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, Gánà òde òní, nígbà tí ibà náà ń ṣe é lọ́wọ́. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ yẹn sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, ọ̀bọ náà sì kú. Ara Asibi yá ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i dájú pé vírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn ọ̀hún, kó o lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú sí Èkó níbí. Láti ara ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D ní New York lọ́dún 1937, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí lọ́dún 1951. Gbogbo ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn lónìí kó tó rìnrìn àjò, níbikíbi láyé, ẹ̀jẹ̀ ọmọ adúláwọ̀ kan ni oore náà ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà yẹn kiri fẹ́ràn omi tó bá dúró nínú àmù, agolo àti táyà tí wọ́n ti jù nù. Ìyẹn ni wolé-wolé ń wá nínú àmù màmá mi. Ká ní ẹnì kan jókòó tì í ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kó ṣàlàyé ohun tí ẹ̀gbọ́n yìí ṣàlàyé fún mi, fúnra rẹ̀ ni ì bá máa bo àmù náà, tí yóò sì máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ìmọ̀ wà ní Yábàá, kò jìnnà sí wa rárá, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù nìkan ló dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ti Ilẹ̀ẹ́gbóná yàtọ̀ díẹ̀. Àrùn tí àwọn àgbà ò jẹ́ dárúkọ ni, àfi kí wọ́n pè é ní Olóde. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgbógunti rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 1967, ọjà àti ilé ìwé ni wọ́n ti ń gún wa, ojú àpá rẹ̀ ṣì wà ní èjìká mi. William Foege, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tó wà lápá Ògójà, ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ká gbogbo èèyàn ní ìparí ọdún 1966. Ó ní kí wọ́n yáa wá ibi tí aláìsàn wà, kí wọ́n sì gún àwọn tó yí i ká. Ọ̀nà yẹn ṣiṣẹ́ débi pé gbogbo ayé ló gbà á lò. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, ọdún 1980 ni wọ́n sì kéde pé ó ti tán nílé ayé. Àwọn ọmọ mi kò mọ bó ṣe ń rí lójú ẹni. Mo dúpẹ́.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí i pé ìwádìí lè jẹ́ ti wa náà ni Gbájà, ní Sùúrùlérè. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Ìdí-Àràbà fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú àìsàn tó ń pa ọmọdé, láìjẹ́ pé ìyá ń dúró de dókítà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ìyàwó mi gbé àkọ́bí wa lọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló yẹ ọmọ wò, òun ló fún un lóògùn, òun náà ló bá ìyá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Wọ́n á gbé ọmọ kọ́ sórí ìwọ̀n, wọ́n á fi àmì kan sórí káàdì, wọ́n á sì fi ìlà so àmì ti oṣù yìí pọ̀ mọ́ ti oṣù tó kọjá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyàwó mi, kò jẹ́ kí káàdì yẹn jìnnà sí òun. Ó fi ọ̀rá wé e, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kan náà tí ó ń kó ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un nípa òyìnbó kan, David Morley, tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní àwọn ọdún 1950. Ó ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọn àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ láti oṣù dé oṣù, láti ọdún dé ọdún, kó lè mọ ìgbà tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí rù kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni irú káàdì ìwọ̀n ọmọ tí àwọn ìyá ń gbé kiri ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti jáde. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń wà, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ sí mi. Ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ wa, àwa la ni ín. Bí ìlà náà bá ń lọ sókè, inú wa á dùn. Oṣù tí ìlà náà bá dúró sójú kan, ìyàwó mi kì í sùn.

Nígbà tí Ransome-Kuti di mínísítà ìlera lọ́dún 1985, ohun tí wọ́n ti dán wò ní Gbájà àti irú rẹ̀ ló gbé lọ sí gbogbo Nàìjíríà. Ìgbà náà ni omi iyọ̀-òun-ṣúgà dé. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ púpọ̀ ní Múṣín nígbà yẹn, pàápàá lásìkò òjò tí omi gọ́tà bá wọnú kànga. Wọ́n ní omi tó ń tán lára ọmọ ló ń pa á, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe dá a padà: kí wọ́n se omi, kí ó tutù, kí wọ́n wọn ìgò bíà kan tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì; ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà, ṣíbí tíì kan iyọ̀, kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà pẹrẹsẹ kó má gọntíọ̀. Àwọn ìyá ò mọ ohun tó ń jẹ́ mílílítà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ìgò bíà. Mo rí ìyá kan tó jókòó sórí ìjókòó-onígi lẹ́nu ọ̀nà wa láti ìrọ̀lẹ́ títí tí gbogbo ilé fi sùn, ó ń fi ṣíbí bu omi yìí sẹ́nu ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ bá bì í, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà sunkún, omi sì jáde lójú rẹ̀. Ìyá náà pariwo pé, "Ẹ wo omijé!" Gbogbo ilé jáde. Lónìí, oògùn ORS inú ọ̀rá àti zinc ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ìgò yẹn.

Ilé ìwé àwọn ọmọ náà ní tirẹ̀. Àwọn kan wá ṣèwádìí aràn, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bu ìgbẹ́ wá lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ gbé e wá nínú páálí ìṣáná àti agolo Robb, wọ́n kọ orúkọ wọn sí i lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́tà dé fún òbí, oògùn aràn sì tẹ̀ lé e. Ó parí síbẹ̀, ó sì dára.

Ti ibi iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín dáadáa, nítorí pé ó wà lára mi dòní. Iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan lápá Ìlúpéjú ni mo ti lo ọ̀pọ̀ nínú ìgbésí ayé mi, ní ẹ̀ka tí ẹ̀rọ ti ń hun aṣọ. Ẹni tí kò bá wọ ibẹ̀ rí kò lè mọ bí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó. A kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìka méjì lórí èjìká túmọ̀ sí pé ọ̀gá ń bọ̀. Bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ gba ikùn, àkókò oúnjẹ ti tó. A sì mọ bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ lára ètè ara wa. Òwú tó bá já sílẹ̀ la máa ń ká dí etí. Bí a bá dé ilé lálẹ́, ariwo náà ṣì ń dún nínú orí wa, a ó sì máa bá àwọn ìyàwó wa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jà. Bí mo bá ṣí rédíò, ará ilé kejì ń gbọ́ ìròyìn.

Àwọn oníwádìí kan wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ká tó wọlé sẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé etí gbọ́dọ̀ ti sinmi lọ́wọ́ ariwo kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n. Yàrá ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí ni wọ́n lò, aṣọ tí wọ́n tò gègèrè síbẹ̀ sì mú kí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò mí létí méjèèjì. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn kan, bó ti wù kó kéré tó, ẹ na ìka yín sókè." N kò tíì di bàbá ẹnikẹ́ni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀wọ̀ ló fi pè mí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́, mo na ìka. Mo gbọ́ èkejì àti ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n mo ń wo pẹ́ńsùlù rẹ̀, ó ṣì ń yí bọ́tìnnì, ó ṣì ń fàmì sórí ìwé, àmì náà sì ń lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀. Ìró ń dún, èmi ni n kò gbọ́. Ó gbójú sókè, ó rí i pé mò ń wò ó, ó sì rọra yí ìwé náà padà.

Wọ́n ní wọn yóò mú èsì wá. A retí. Nígbà tí mo bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó ní ìwé ti wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ibẹ̀ ló wà títí iléeṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Lẹ́yìn tí mo ti kúrò ni oníṣègùn etí kan wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní irun wẹ́wẹ́ kan wà nínú etí tó ń gba ìró, ariwo ló ń pa á, bó bá sì ti kú kì í hù mọ́. Ìró tó tinrín ló kọ́kọ́ ń lọ: ohùn ọmọdé, ohùn obìnrin, aago fóònù. Ariwo tó bá ti ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ti lè ba etí jẹ́, ibi tí ẹ̀rọ ìhunṣọ sì pọ̀ sí máa ń kọjá 90. Ó ní ká ní a mọ̀ lásìkò, tí a sì lo ohun ìdítí tó péye, a ì bá pa èyí tó kù mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onípẹ́ńsùlù yẹn ti mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. N kò bá a jà, bóyá wọ́n kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, àfi kí n máa wo ètè wọn. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ọmọlàkejì rẹ̀, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó gbé e lọ láìwí, kò ṣe dáadáa.

Mo mọ̀ pé ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí iye gbogbo wọn tó 200, ìdajì gba oògùn náà, ìdajì gba òmíràn. Mọ́kànlá nínú wọn kú. Àwọn òbí kan ní ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn kò rú òfin, ẹjọ́ falẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Kánò lọ́dún 2009 lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ti wá sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣèwádìí lára èèyàn láìgba ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ìdí ìwádìí náà fún un, àti oore tàbí ewu tó lè tibẹ̀ wá. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó wà ní Pápá Àjàó mọ òfin yẹn.

Ìdí-Àràbà kan náà ni mo ti rí bó ṣe yẹ kó rí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àbíkú ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n á sì fi abẹ kọ wọ́n lára. Àǹtí mi kan sin mẹ́ta. Ẹ̀bi rẹ̀ ni ìdílé ọkọ rẹ̀ ń sọ títí ó fi kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àìsàn yìí ní LUTH, dá àjọ Sickle Cell Foundation sílẹ̀ lọ́dún 1994, Ìdí-Àràbà náà ni ilé wọn wà. Wọn kò fi ohun tí wọ́n mọ̀ sínú ìwé nìkan. Wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó tó ẹnì kan tó jẹ́ AS, àti pé bí AS bá fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Lónìí, kóńdọ́tọ̀ ọkọ̀ mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀. Ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ń bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so ọkọ àti aya pọ̀. Ká ní ìmọ̀ yìí dé bá àǹtí mi láyé, ẹnikẹ́ni ì bá má dá a lẹ́bi.

Ẹ sì rántí Ebola. Ní oṣù keje ọdún 2014, LUTH ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àmì vírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ Patrick Sawyer tó wá láti Làìbéríà, lẹ́yìn tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò ní kúrò ní ilé ìwòsàn tí òun ti ń tọ́jú rẹ̀. Dókítà náà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn tó ń tọpa àrùn náà ń lọ sílé gbogbo ẹni tó ṣeé ṣe kó ti fara kàn án, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, wọ́n ń wọn bí ara wọn ti gbóná tó. Èèyàn 20 ló mú, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Pípadà lọ lójoojúmọ́ yẹn ló gbà wá. Lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé. Ilé ìwádìí Yábàá àti NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó ju 10,000 lọ láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin lọ́dún 2020, wọ́n sì kéde èsì rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021: ní Èkó, bí èèyàn 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ti kọjá lára wọn. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì yí i sókè dáadáa kí n lè gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé ìwé ìbéèrè wá, iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ yín, a ó máa ṣílẹ̀kùn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ padà wá. Ẹ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù tó wà ní ọjà Ládípọ̀ ohun tí ẹ rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní ìpàdé yín. Ẹ̀yin ará Pápá Àjàó, bí wọ́n bá kan ìlẹ̀kùn, ẹ dá wọn lóhùn, ẹ má parọ́ fún wọn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè ọjọ́ tí èsì máa dé, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò mú un wá, kí ẹ sì pè é bí ọjọ́ náà bá pé.